Idia, ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, tó sì sọ ipò ìyá ọba di oyè ní Bìní

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló ti rí ojú obìnrin yìí láìmọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ikọtun tàbí Igando, tó gba Iyana-Iba bọ́ sí ọ̀nà Badagry, tó sì yà sí Festac Town, ti dé àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ àjọ̀dún ńlá ọdún 1977 sọ. Ojú obìnrin náà ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún ọ̀hún. Àwọn àgbàlagbà tó ná owó bébà náírà kan tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 1979 náà yóò rántí pé àwòrán Herbert Macaulay ló wà níwájú owó náà, tí ère ojú obìnrin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè pé ta ni obìnrin náà, èsì tí púpọ̀ nínú wọn yóò fọ̀ ni pé ère Bìní ni. Òótọ́ ni pé ère Bìní ni, àmọ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀. Idia ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ aya ọba, ó jẹ́ ìyá ọba, ó sì tún jẹ́ ìyá àgbà fún ọba.

Nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni Idia gbé ayé. Lásìkò wa yìí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbà pé nídìí ààrò àti nínú ọjà nìkan ni a ti ń gbọ́ ohùn obìnrin láyé àtijọ́, pé ọ̀rọ̀ adé, ogun àti ìlú, ọkùnrin nìkan ló ni ín. Ìgbésí ayé Idia tako èrò yìí. Ó gbìyànjú kí ọmọ rẹ̀ lè jọba, ó kó ogun jọ kí ọmọ náà má baà ṣubú, ìtàn sì sọ pé òun fúnra rẹ̀ lọ sójú ogun. Èyí tó ya ènìyàn lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ náà ṣe rí kí ọmọ rẹ̀ tó gorí oyè, bí ọmọ bá jọba, ìyá rẹ̀ ló máa ń fi ẹ̀mí dí i. Adé tí Idia ń jà fún yìí lè jẹ́ ikú fún òun alára.

Ìtàn àwọn Edo sọ pé abúlé kan tó ń jẹ́ Ugieghudu ni wọ́n ti bí i. Omidan arẹwà ni, ó sì mọ ijó jó. Ibi tó ti ń jó láàfin ni Ọba Ozolua ti rí i, tí ọkàn ọba sì fà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn òbí rẹ̀ nínú. Ẹni tó bá di ayaba ti di ará inú ọgbà ọba títí ayé, ojú àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní í tó o mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, àwọn òbí náà ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ méjì sí iwájú orí ọmọbìnrin náà, wọ́n sì fi oògùn sí i, kí ojú ọba lè kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ozolua mọ ọgbọ́n tí wọ́n dá, ó ṣe ètùtù tó yẹ, ó sì gbé Idia níyàwó. Títí di òní, ohun tí àwọn ènìyàn fi ń dá ère Idia mọ̀ ni ilà méjì tó dúró ṣánṣán ní iwájú orí rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi irin ṣe.

Ilé ọba tí Idia wọ̀ kì í ṣe ilé ọba kékeré. Ọba Ewuare, bàbá Ozolua, tó jọba ní nǹkan bí ọdún 1440 sí 1473, ti tún ìlú Bìní tò, ó ti mọ odi, ó sì ti ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú. Ozolua fúnra rẹ̀, tó jọba láti nǹkan bí ọdún 1483, jẹ́ jagunjagun tí ogun kì í sú. Ìgbà tirẹ̀ ni àwọn Pọtogí kọ́kọ́ dé Bìní. Ní nǹkan bí ọdún 1485 ni João Afonso de Aveiro wọ ìlú náà. Àwọn àlejò náà kó idẹ wá, wọ́n ń ra ata, eyín erin àti ẹrú. Idẹ náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ ọba ń yọ́, tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ère tí gbogbo ayé ń wárí fún lónìí.

Ààfin tó kún fún ayaba kì í ṣàìní ìjà abẹ́lẹ̀. Idia bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Osawe. Ayaba mìíràn náà bí ọmọkùnrin lọ́jọ́ kan náà, Aruanran ni orúkọ tirẹ̀. Ìtàn sọ pé Aruanran ló kọ́kọ́ wáyé, ṣùgbọ́n kò ké. Osawe ni igbe rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ìròyìn tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ dé etí ọba, nítorí náà ni wọ́n ṣe kà á sí àkọ́bí. Igbe ọmọ tuntun kan ṣoṣo ló sọ ẹnì kan di àrẹ̀mọ, tó sì sọ èkejì di ọ̀tá rẹ̀ láti inú aṣọ ìkókó. Aruanran dàgbà di òmìrán ọkùnrin, alágbára tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ènìyàn. Ìlú Udo ni wọ́n fún un kí ó máa ṣàkóso, kò sì gbà láé pé àbúrò ni òun.

Nígbà tí Ozolua wàjà, ní nǹkan bí ọdún 1504, ọ̀rọ̀ ta ni yóò jọba di ohun tó lè fọ́ Bìní sí wẹ́wẹ́. Osawe gorí ìtẹ́, ó sì gba orúkọ Esigie. Ṣùgbọ́n Aruanran kò túúbá. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí Udo di olú ìlú, kí Bìní sì máa sin ín. Ibi yìí ni ọgbọ́n àti agbára Idia ti hàn sójútáyé. Ìtàn sọ pé òun ló ń bá ọmọ rẹ̀ wá ọmọ ogun, pé ó fi oògùn àti ìmọ̀ àwọn àgbà ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń gbà á nímọ̀ràn lórí bí yóò ṣe mú àwọn ìjòyè mọ́ra. Ogun náà le. Nígbà tó yá, apá Bìní ká Udo. Ọmọ kan ṣoṣo tí Aruanran ní, tó ń jẹ́ Oni-Oni, kú sójú ogun, Aruanran fúnra rẹ̀ sì bẹ́ sínú adágún omi kan ní Udo, ó kú síbẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ìyá méjì ló bímọ lọ́jọ́ kan náà nínú ààfin kan náà. Ọ̀kan ni gbogbo ayé ń kan sáárá sí títí di òní. Èkejì, ìyá Aruanran, pàdánù ọmọ, ó pàdánù ọmọ-ọmọ, ìtàn kò sì pariwo orúkọ rẹ̀. Bí a bá ń yin Idia, kí a má gbàgbé pé ogun tó jà, ogun ilé ni, àti pé ẹ̀jẹ̀ Ozolua ló ṣàn níhà méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ ipò ọba ṣe ń rí nìyẹn nígbà náà, ní Bìní, ní Ọ̀yọ́ àti ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó pẹ̀lú.

Ogun Udo kò tíì tán lára Esigie tí ti Idah fi dé. Ìtàn àwọn Edo so ìbẹ̀rẹ̀ ogun yìí mọ́ ìjòyè àgbà kan tó ń jẹ́ Oliha, tó ń fi ìwà mímọ́ ìyàwó rẹ̀, Imaguero, yangàn níwájú ọba. Esigie dán obìnrin náà wò, ó rán ìránṣẹ́ kan tó yarọ sí i pẹ̀lú ẹ̀bùn, obìnrin náà sì ṣubú. Ìtìjú bo Oliha, inú sì bí i débi pé ó lọ mú kí Àtá Idah, ọba àwọn Ígálà, dìde ogun sí Bìní. Ní nǹkan bí ọdún 1515 sí 1516 ni èyí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ọmọ ogun Bìní ṣe ń lọ ni ẹyẹ kan ń ké lórí wọn, tó ń sọ pé wọn yóò ṣègbé. Àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ́ padà sílé. Esigie kọ̀, ó ní kí wọ́n pa ẹyẹ náà, kí wọ́n máa bá ogun lọ, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ẹyẹ yìí ni àwọn ìjòyè fi idẹ yá, tí wọ́n ń lù nígbà ọdún Ugie Oro láti fi rántí pé ọba ju àmì burúkú lọ.

Nínú ogun yìí ni ìtàn ti sọ pé Idia kúrò nílé, tó bá àwọn jagunjagun lọ. Ìtàn àwọn Edo kà á sí ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá fún obìnrin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í fún un títí di òní. Yàtọ̀ sí ìtàn ẹnu, àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó jẹ́rìí sí i pé ogun ńlá kan jà lásìkò yìí. Lẹ́tà kan wà tí Pọtogí kan, Duarte Pires, kọ sí ọba rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá ọdún 1516. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àwọn àlùfáà Kírísítẹ́nì wà lọ́dọ̀ ọba Bìní lójú ogun, àti pé nígbà tí ọba ti ogun dé, ó ní kí ọmọ òun àti àwọn ọmọ ìjòyè kan ṣe ìrìbọmi, kí wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àlọ́ lásán ni ọ̀rọ̀ Esigie àti ogun rẹ̀.

Ohun tí Esigie ṣe fún ìyá rẹ̀ ló wá kàn báyìí. Nínú àṣà tó wà nílẹ̀, ìtàn sọ pé ìyá ọba kò gbọdọ̀ wà láyé kí ó máa darí ọmọ rẹ̀. Ọba kò gbọdọ̀ ní ẹni tí yóò máa kúnlẹ̀ fún, nítorí pé ọba ni gbogbo ayé ń kúnlẹ̀ fún. Àwa Yorùbá kò ní í ka àṣà yìí sí ohun àjèjì. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921 pé ní Ọ̀yọ́, bí ìyá Aláàfin tuntun bá wà láyé, wọn yóò ní kí ó lọ sùn, ìtumọ̀ èyí sì yé àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi obìnrin mìíràn nínú ààfin joyè Ìyá Ọba, tí yóò máa ṣe ìyá fún Aláàfin. Oyè wà ní Ọ̀yọ́, àmọ́ ìyá tó bímọ kọ́ ló ń jẹ ẹ́.

Esigie kò jẹ́ kí ti Idia rí bẹ́ẹ̀. Ó fi oyè tuntun lọ́lẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó pè é ní Iyoba, orúkọ tí ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún. Ó kọ́ ààfin fún un ní Uselu, ní ẹ̀yìn odi ìlú nígbà náà. Bí ọgbọ́n yìí ṣe jinlẹ̀ tó ni pé ó tẹ́ tọ̀tún tòsì lọ́rùn. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìyá yóò máa pàṣẹ fún ọba rí i pé ìyá ti kúrò láàfin. Ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá òun kú rí ìyá rẹ̀ láàyè. Ìyá tó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu sì rí ipò gbà tó ní ilé, tó ní ilẹ̀, tó sì ní ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ oyè náà wò dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára Idia wà. Iyoba ní àwọn ìjòyè tirẹ̀ ní Uselu. Ó ní àwọn abúlé tó ń sìn ín. Ipò rẹ̀ bá ti àwọn ìjòyè àgbà ìlú dọ́gba, ohun tí obìnrin mìíràn kò ní. Ó máa ń tọ́ àwọn ọmọbìnrin tí yóò di ayaba lọ́jọ́ iwájú, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lọ́wọ́ nínú irú ìyá tí ọba tí ń bọ̀ yóò ní. Uselu náà ni àrẹ̀mọ Bìní, tí wọ́n ń pè ní Edaiken, ti ń ṣàkóso kí ó tó jọba. Ẹni tó bá ń gbé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọba ọ̀la, agbára rẹ̀ kọjá òní.

Ṣùgbọ́n ohun tó dára kì í ṣàìní iye owó tirẹ̀. Ẹni tó bá joyè Iyoba kò tún gbọdọ̀ bímọ mọ́, kí ó má baà sí ọmọ mìíràn tí yóò máa du ìtẹ́. Wọ́n sì máa ń sọ pé Iyoba àti ọba kì í sábà fojú rinjú mọ́, àwọn ìránṣẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín wọn. Ìyá tó ja ogun kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó sórí ìtẹ́, kò lè jókòó tì í.

Kí a má rò pé ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1515 gan-an, nígbà tí ogun Idah ń rúgbó bọ̀, Francis Kìíní tó jẹ́ ọba ilẹ̀ Faransé kó ogun lọ sí Ítálì, ìyá rẹ̀, Louise ti Savoy, ló sì fi ṣe adelé. Nígbà tí ọ̀tá mú Francis nígbèkùn lójú ogun Pavia lọ́dún 1525, Louise yìí kan náà ló di ìjọba mú títí ọmọ rẹ̀ fi padà dé lọ́dún 1526. Lọ́dún 1529, òun àti Margaret ti Austria, àbúrò bàbá Ọba Charles Karùn-ún tó jẹ́ ọ̀tá Francis, ni wọ́n jókòó ní Cambrai tí wọ́n parí ìjà tí àwọn ọkùnrin kò rí parí. Idia àti Louise kò gbọ́ orúkọ ara wọn rí. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lákòókò kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí Louise kú lọ́dún 1531, agbára adelé tirẹ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n oyè Iyoba kò bá Idia kú.

Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn obìnrin ààfin kò jókòó lásán. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Orompoto tó jọba ní ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà pẹ̀lú Esigie, obìnrin ni. Ilé-Ifẹ̀ ní ìtàn Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Ìyá Kéré ní ààfin Ọ̀yọ́ ni ohun oyè ọba ń bẹ níkàáwọ́ rẹ̀, òun ló sì ń gbé adé lé Aláàfin lórí. Ní Zazzau, ìtàn Amina olórí ogun kò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn Haúsá. Gbogbo wọn fi hàn pé ìyá àti ọmọbìnrin ọba mọ ìlò agbára. Ohun tó mú Idia yàtọ̀ ni pé ó fi ilé iṣẹ́ agbára sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa tí a ń gbé orílẹ̀ Àwórì, ní Ikọtun, Ẹgbẹda, Igando àti gbogbo Alimọṣọ, ọ̀rọ̀ Idia kan wa ju bí a ṣe rò lọ. Orhogbua, ọmọ Esigie, tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1550, ni ìtàn Edo sọ pé ó kó ogun gba orí omi wá sí erékùṣù Èkó, tó sì pàgọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní láti inú ọ̀rọ̀ Edo tó túmọ̀ sí àgọ́ ni orúkọ Èkó ti wá. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Bìní àti ti àwọn Àwórì ti wọnú ara wọn, tí ìtàn Aṣípa àti ìtẹ́ Èkó sì ti di ohun tí a kò lè sọ kí a má dárúkọ Bìní. Ọmọ-ọmọ Idia ló pàgọ́ sí ìlú tí a ń pè ní tiwa. Ká ní Aruanran ló borí ní Udo, bóyá ibòmíràn ni ìtàn Èkó ì bá gbà.

Nígbà tí Idia kú, Esigie kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kú. Wọ́n ṣe ojúbọ fún un, wọ́n fi idẹ rọ orí rẹ̀, pẹ̀lú irun tí wọ́n fi iyùn bò, tó ṣe ṣóńṣó síwájú. Àkùkọ idẹ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n máa ń gbé sórí ojúbọ àwọn Iyoba. Wọ́n sì tún gbẹ́ ojú rẹ̀ sára eyín erin, ère pẹlẹbẹ tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24 lọ, tí ọba máa ń so mọ́ ara nígbà ètùtù. Nínú ọ̀kan tó wà ní New York, orí àwọn Pọtogí onírùngbọ̀n àti ẹja ọ̀bọ̀rọ́ inú ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n gbẹ́ sí òkè irun rẹ̀. Bí ẹja náà ṣe ń gbé inú omi tó sì lè gbé orí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò náà ti òkun wá, tí wọ́n ń rìn nílẹ̀. Ojú ìyá ọba wà ní ìsàlẹ̀, ó dákẹ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

Nǹkan bí 400 ọdún ni àwọn ère náà fi wà nínú ààfin. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní lẹ́yìn tí wọ́n pa ikọ̀ Phillips lójú ọ̀nà ní oṣù kìíní. Wọ́n jó ààfin, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère lọ, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, níbi tó kú sí lọ́dún 1914. Inú iyàrá ọba ni wọ́n ti rí àwọn ìbòjú eyín erin náà nínú àpótí. Ralph Moor, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó méjì tó dára jù lára wọn. Ọ̀kan dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1910. Èkejì gba ọwọ́ ènìyàn dé ọwọ́ Nelson Rockefeller, tó fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York lọ́rẹ lọ́dún 1972. Àwọn mìíràn tún dé Seattle àti Stuttgart.

Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ gbàlejò gbogbo adúláwọ̀ àgbáyé ní Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ìjọba ní kí Lọ́ńdọ̀nù yá wọn ní ère Idia tó wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí òun ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún. Wọn kò gbà. Ère tí àwọn baba ńlá gbẹ́, tí wọ́n kó nílé wọn, ni wọn kò yá wọn. Ni àwọn agbẹ́gilére Bìní bá gbẹ́ òmíràn, ìyẹn ni wọ́n lò. Láti ìgbà náà ni ojú Idia ti di ojú ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, ilé iṣẹ́ agbátajà Sotheby's kéde pé àwọn fẹ́ ta ìbòjú Idia mìíràn, tó wà lọ́wọ́ ìdílé Gallwey, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun ọdún 1897. Iye tí wọ́n dá lé e tó mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin àbọ̀ owó pọ́n-ún. Ọmọ Nàìjíríà nílé àti lókè òkun figbe ta, pàápàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà náà sì forí ṣánpọ́n kó tó ná.

Ìpadàbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Jesus College ní Cambridge dá àkùkọ idẹ kan padà, irú èyí tó máa ń wà lórí ojúbọ Iyoba. Jámánì dá ère 20 padà ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Netherlands sì dá 119 padà ní ọdún 2025. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba Ààrẹ Buhari kéde pé Ọba Bìní ló ni àwọn ère tó bá padà wálé. Ṣùgbọ́n àwọn ìbòjú méjì tó gbajúmọ̀ jù, ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti New York, ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Kí ni ìtàn yìí wá kọ́ wa ní Alimọṣọ, níbi tí obìnrin ti ń fi ọjà bọ́ ilé, tí wọ́n sì ń tò lórí ìlà ìdìbò bíi ti ọkùnrin? Ó kéré tán, obìnrin márùn-ún ló ti ṣe igbákejì gómìnà ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti orí Sinatu Ojikutu lọ́dún 1992. Ọ̀kan nínú wọn, Adejoke Orelope-Adefulire tó ṣe é láti ọdún 2011 sí 2015, Alimọṣọ ló ṣojú fún nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó kó tó débẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì sí obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà ní gbogbo Nàìjíríà. Virginia Etiaba tó ṣe gómìnà Anambra fún oṣù mélòó kan láàárín ọdún 2006 sí 2007, yíyọ tí wọ́n yọ ọ̀gá rẹ̀ nípò ló gbé e débẹ̀. A ṣì ń fi obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ bí wọ́n ti fi Idia sí Uselu.

Ohun tí Idia fi ta àwọn igbákejì ìgbà tiwa yọ wà níbẹ̀ sáá. Ẹni tó bá jẹ́ pé ojú rere ọ̀gá ló fi lágbára, ọjọ́ tí ojú rere bá yí ni agbára rẹ̀ tán. Idia kò gba ojú rere lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tó gbà ni oyè tó ní ilẹ̀, tó ní ìjòyè, tó sì ní iṣẹ́ tó dá yàtọ̀, tí ọba kò lè fi ìbínú ọjọ́ kan gbà padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn Esigie, ọba mìíràn jẹ, ìyá tirẹ̀ náà sì di Iyoba. Àwọn Edo fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, Idia College, ní ìlú Bìní. Orúkọ yẹ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọbìnrin tó bá jáde níbẹ̀, tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní Ẹgbẹda àti Ikọtun, kí ó mọ̀ pé nígbà tí àṣà ní kí ìyá ọba lọ kú, obìnrin kan wà tó gba ilé, tó gba ilẹ̀, tó sì gba oyè dípò ikú.